Ṣọ́ọ̀bù tó ṣe pláàkì àwọn olórin wa ní Garki

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin ará Abuja. Látìgbà tí a ti ṣe ayẹyẹ kọ́ayà wa ní Kubwa làwọn èèyàn ti ń pè mí pé ibo la ti ṣe pláàkì yẹn, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ kí gbogbo èèyàn rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni ní Area 1, Garki, ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń tẹ̀wé, wọn ò ní síáìnbọ́ọ̀dù ńlá kankan, bébà funfun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì tí wọ́n kọ "pláàkì, sítáǹpù, káàdì" sí. Mẹ́rin la ṣe níbẹ̀, ₦35,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fún ọ̀gá kọ́ayà wa tó ti ń darí orin látìgbà tí a ṣì ń jọ́sìn lábẹ́ tapólì, ọ̀kan fún mọ̀mí tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní sólfà àti kíbọ́ọ̀dù, ọ̀kan fún Bàbá onígángan, ìkẹrin fún ìyá kan tí kò kọrin rí tí kò sì lu nǹkan kan rí, màá sọ tiẹ̀ tó bá yá.

Wọ́n mọṣẹ́, mo sì máa padà lọ. Àmọ́ ó kù díẹ̀ kó bàjẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi dìsáínì ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi. Mo ṣí i, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà! Òyìnbó kan náà ni wọ́n kọ sí gbogbo ẹ̀, pé a mọ rírì ipa tí ẹ kó nínú orin, àmì dùrù tí wọ́n máa ń kọ síwájú orin òyìnbó yẹn ló wà lókè gbogbo ẹ̀, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Orúkọ yẹn gan-an ló wá dùn mí jù. Ìdílé onílù ni Bàbá ti wá, Àyàn ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀ bíi ti gbogbo ọmọ onílù, wọ́n wá kọ "Ayan" sílẹ̀ lásán láìsí àmì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ kà á ní aáyán ńkọ́? Kòkòrò inú kọ́bọ́ọ̀dù! Bàbá tó ti ń lùlù fún wa láti ọdún mélòó kan, tí kò gba kọ́bọ̀ rí, ká wá pe gbogbo ìjọ jọ ká fi kòkòrò lé e lọ́wọ́. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Aago mẹ́sàn-án ọjọ́ kejì mo ti dé Garki. Ọmọkùnrin Hausa kan tó wá láti Kano ló ń ṣe dìsáínì, ó fara balẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ó ní ṣé àwọn àmì kéékèèké yẹn ṣe pàtàkì tóbẹ́ẹ̀ ni. Mi ò bínú, mo ní kó jẹ́ ká kọ ọ́ lórin. Mo ní dò-re-mí, ó kọ ọ́ tẹ̀lé mi, mo ní Àyàn jẹ́ dò-dò, ìsàlẹ̀ ni méjèèjì wà, aáyán jẹ́ re-mí-mí, ó gun òkè. Mo tún un kọ, òun náà kọ ọ́. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní "Àyàn!", ó pè é dáadáa ju àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n bí sí Abuja lọ. Ó yọ àmì dùrù kúrò, ó bi mí pé kí lòun máa fi síbẹ̀, mo fi fọ́tò gángan Bàbá hàn án lórí fóònù mi, ó ní "kalangu kenan", pé kalangu nìyẹn, wọ́n ń lù ú nílé àwọn náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàbá àgbà ẹ̀ tó ní káséètì àwọn olórin Hausa bíi Mamman Shata àti Dan Maraya Jos, tó jẹ́ pé kuntigi, ohun èlò olókùn kan ṣoṣo, ni Dan Maraya fi kọrin títí tó fi kú ní 2015. Inú mi dùn gan-an. Ẹni tó mọ adùn olórin tirẹ̀ ló lè bá ẹ yẹ́ olórin tìẹ sí. Ó fara balẹ̀ yàwòrán gángan yẹn pẹ̀lú okùn ẹ̀ gbogbo, kò lọ gbé ìlù òyìnbó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kọ ní Yorùbá. Fún mọ̀mí tíṣà, a ní kí wọ́n kọ d r m f s l t d sí ìsàlẹ̀ pátápátá, torí bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì nìyẹn, kíkọ lọ sókè kí wọ́n tún kọ ọ́ bọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà orin yìí máa ń ká mi lára. Gbogbo ayé ló mọ Fẹlá Ṣówándé onídùrù, àwọn tó mọ̀ pé T. K. E. Phillips ló kọ́ ọ ní dùrù nígbà tó wà nínú kọ́ayà lọ́mọdé ní Èkó ò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn onílù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún I. K. Dáíró, olórin jùjú, ní oyè MBE ní 1963, ó tọ́ sí i, mélòó nínú wa ló lè dárúkọ àwọn tó ń lu gángan lẹ́yìn ẹ̀?

Ti ìyá ìkẹrin ló pẹ́ wa jù. Nyanya ló ti ń tajà, òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìgbáradì, kíbọ́ọ̀dù tí a ń lò, owó tiẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí òjò bá sì ká wa mọ́ ìgbáradì, wọ́n á se ìrẹsì ránṣẹ́. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní ká kọ "alátìlẹ́yìn". Mo ní rárá, alátìlẹ́yìn pọ̀. A kọ ọ́ báyìí: "Ẹ ò jẹ́ kí iná kú lórí orin wa." Ọ̀gá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò tíì tẹ irú ẹ̀ rí.

Ẹ bá mi wo ẹ̀rọ lésà tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára pákó tí ẹ bá débẹ̀. Wọ́n tẹ́ pákó sínú ẹ̀, wọ́n pa á dé, iná tín-ín-rín kan wá ń lọ ń bọ̀ lórí ẹ̀, ó ń rùn bí igi ìdáná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn. Láti òkè ló ti ń bọ̀ wá sísàlẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, nítorí náà nígbà tó dé orúkọ Bàbá, àmì orí ẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, dò, dò, kí lẹ́tà ẹ̀ tó yọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi parí.

Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún wa, àárọ̀ Sátidé tí ayẹyẹ jẹ́ gan-an la tó rí i gbà, wọ́n ní kò síná, jẹnẹrétọ̀ wọn ò sì lè gbé lésà. Ká ní wọ́n pe èèyàn sọ fún un, kò ní dunni tó bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ń pè wọ́n ṣáá tí wọn ò gbé e. Èkejì, pákó ni mẹ́ta, a fi gíláàsì ṣe ti ọ̀gá kọ́ayà torí ó wù wá kó dán, bébà góòlù tí wọ́n lẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Mo gbé e padà, wọ́n tún un ṣe láìgba owó, wọ́n sì bẹ̀ mí. Pákó ni kẹ́ ẹ ṣe, ẹ má wo dídán.

Àwọn kan nínú ìjọ ní ká sún ayẹyẹ yìí sí ọdún tó ń bọ̀ kí owó lè pọ̀ sí i. Èmi ni mo kọ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé tó kọ orin dùrù àti orin kọ́ayà, òkè ọya níbí ni wọ́n ti bí i, ní Jos, ní 1935, ó kú ní 1976, ẹni ọdún 41 péré. Tí mo bá rántí ìyẹn, ara mi kì í gba ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ náà, Bàbá gba tiẹ̀, ó yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, kò mọ̀wé kà, ó wá ń fi àtàǹpàkò tọ ojú okùn ìlù tí lésà gbẹ́. Ọmọ ọmọ ẹ̀ kà á sí i létí. Bàbá gbé pláàkì lé ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé gángan há abíyá, ó sì fi ìlù pe orúkọ ara ẹ̀ fún gbogbo wa. Mo ní fídíò ẹ̀. Nígbà tí mo gbé gíláàsì yẹn padà sí Garki mo fi han ọmọ Kano yẹn, ó wò ó tán, ó ní kí n padà síbẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kọ orúkọ pẹ̀lú àmì ẹ̀ sórí bébà fúnra yín, ẹ sì dá ọjọ́ tó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó.