Ṣéènì kẹ̀kẹ́ tí kò ní tètè dógùn-ún: ìfiwéra fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀

Láàárín òkun àti ọ̀sà ni ilé mi wà, ní ìhà Ajah l'Ékòó. Láti ọdún 2019 ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ti sú mi. Lára gbogbo ohun tó wà lára kẹ̀kẹ́ náà, ṣéènì ló gba owó lọ́wọ́ mi jù. Táyà kò gbà tó bẹ́ẹ̀, bíréèkì kò sì sún mọ́ ọn rárá. Atẹ́gùn òkun ń ru iyọ̀ wá: irin bọ́gílárì ojú fèrèsé tí a kùn lọ́dún kan, tó bá di ọdún kejì, ó ti ń pọ́n lábẹ́ ọ̀dà. Bí oṣù Òkudù bá sì dé, tí òjò ń ya, omi ọ̀sà àti omi gọ́tà a dà pọ̀ sójú títì, àwa ọlọ́kẹ̀kẹ́ a sì la gbogbo rẹ̀ kọjá.

Ẹni tó fẹ́ ra ṣéènì tuntun, tó ń gbé níbi tí irin kì í ti í pẹ́ dógùn-ún, tí kò sì lówó tí yóò máa fi dán nǹkan wò, òun ni mo kọ èyí fún. Irú mẹ́rin ni ẹ ó rí. Mo ti lo mẹ́ta nínú wọn, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn sì jẹ mí lówó gan-an.

Ti dúdú

Irin lásán ni èyí. Gírísì tí wọ́n fi kùn ún láti ilé iṣẹ́ nìkan ló dáàbò bò ó. Àwọn kan dúdú, àwọn kan pọ́n díẹ̀ bí awọ. Bí ẹ bá rí "brown" lára páálí, irú rẹ̀ nìyẹn. Òun ló pọ́ọ́kú jù. Bí òjò bá pa á lálẹ́ tí ẹ ò nù ún kí ẹ tó sùn, ẹ ó bá a ní pípọ́n láàárọ̀. Ọ́ìlì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, àti lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí ẹ rí níta náà ló wà nínú, ẹ sì mọ iṣẹ́ tó ń dúró dè yín.

Ti fàdákà tó ń dán

Ní oṣù Òkudù 2021 ni mo lọ ra eléyìí. Ti dúdú ti sú mi; gbogbo alẹ́ Sátidé ni mo ń jókòó ti kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àkísà àti ọ́ìlì. Ẹni tó tà á fún mi yọ ọ́ nínú ọ̀rá, ó fì í síwá sẹ́yìn kí oòrùn lè tàn sí i lára, ó ní, "Ọ̀gá mi, níkẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ lè fi í sínú omi kó sùn síbẹ̀." ₦4,500 ni mo san, inú mi sì dùn délé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró kan, kín-ín kín-ín, bí ilẹ̀kùn tí òróró ti gbẹ lára rẹ̀. Mo wo ṣéènì, ó ń dán gbinrin. Mo ní òun kọ́. Mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ, wọ́n tú àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí, wọ́n fi gírísì tuntun sí i, mo sanwó, ìró náà kò lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ṣéènì ti ń fò lórí eyín fríwíìlì, ìyẹn wíìlì eléyín ti ẹ̀yìn, nígbàkigbà tí mo bá tẹ pẹ́dà gidi. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń gun òkè afárá, ó fò, ẹsẹ̀ mi yọ̀, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú síwájú dáńfó.

Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa ni wọ́n là mí lójú. Wọ́n mú ṣéènì náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí awẹ́ rẹ̀ lè là, wọ́n ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Níta, fàdákà. Nínú, lára róòlà àti lẹ́nu ìṣó, ìyẹ̀fun pupa bí osùn ló ń dà sílẹ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ìta lo rà, o ò ra inú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sọ́jà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan lára ṣéènì ní awẹ́ ìta, awẹ́ inú, ìṣó tó so wọ́n pọ̀, àti róòlà tó ń gun orí eyín. Awẹ́ ìta ni oníbàárà ń rí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi níkẹ́ẹ̀lì bò. Ìyókù lè jẹ́ irin lásán. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ fúnra wọn, àwa ni a kì í kà á. Lára páálí KMC, ilé iṣẹ́ ṣéènì ńlá tó wà ní Taiwan, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ méjì tí ìlà kékeré pín: "Silver/Grey", tàbí "Silver/Silver". Ti àkọ́kọ́ ni àwọ̀ awẹ́ ìta, ti ìkejì ni àwọ̀ awẹ́ inú. Èyí tí mo rà kò ní páálí rárá, inú ọ̀rá ló wà.

Níkẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, bí ìdérí ìkòkò ni. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì bo irin délẹ̀, omi kò ráàyè wọlé. Bó bá ti ha, ọ̀rọ̀ yí padà: níbi tí omi iyọ̀ bá ti kan irin àti níkẹ́ẹ̀lì pọ̀, irin ló ń jẹrà, ó sì ń yára jẹrà ju bí ì bá ti ṣe lọ láìsí níkẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara ṣéènì kì í sì í pẹ́ ha, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí irin máa fi ara gbo irin.

Ibi tí owó ti ń lọ nìyí. Ìdógùn-ún tó wà níta kò jẹ́ nǹkan kan, àkísà olóróró ń nù ún kúrò. Èyí tó wà láàárín ìṣó àti ihò rẹ̀ ló ń pani lára. Ìyẹ̀fun pupa yẹn máa ń pò mọ́ ọ́ìlì, á wá dà bíi sáńpépà, á máa lọ ìṣó, á máa fẹ ihò lójú, ṣéènì á sì máa gùn. Ṣéènì tó ti gùn kò bá eyín mu mọ́, eyín ló máa ń jẹ. Ẹ lè fi rúlà wọ̀n ọ́n: láti àárín ìṣó kan sí àárín ìṣó kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, íńṣì 12 géérégé ni nígbà tó wà ní tuntun. Bó bá fi ìdá kan nínú 16 íńṣì kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá fi ìdá kan nínú 8 kọjá, ó ti pẹ́ jù, ó ti ba eyín jẹ́. Tèmi ti kọjá ìdá kan nínú 8 ní oṣù kẹrin. Fríwíìlì tuntun àti wíìlì eléyín ti iwájú, pẹ̀lú owó iṣẹ́, gba ₦19,000 lọ́wọ́ mi, lórí ṣéènì ₦4,500.

Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ti fàdákà. Èyí tí wọ́n bò níta àti nínú, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó lórúkọ, dára. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn ti lò ó ju ọdún kan lọ, kò sì ráhùn. Ìbàdàn kò sí létí òkun.

Bí ẹ ṣe lè wo inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó

Ní ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tan iná sí i, kí ẹ fi àwọ̀ róòlà wé àwọ̀ awẹ́ ìta. Bí ìta bá ń dán tí róòlà sì dúdú, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ tú u, ẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Nílé, ṣéènì tuntun sábà máa ń gùn ju bí kẹ̀kẹ́ ṣe fẹ́ lọ, a ó gé díẹ̀ kúrò. Ẹ má jù ú nù. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gírísì kúrò lára ègé yẹn, kí ẹ gbé e sínú ife omi tí ẹ po ṣíbí iyọ̀ kan sí, kí omi má bò ó tán. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ègé ti dúdú, ti fàdákà àti ti aláwọ̀ eérú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, omi ti dúdú ti pọ́n. Ní ọjọ́ kejì, róòlà àti orí ìṣó ti fàdákà pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni awẹ́ ìta rẹ̀ ṣì ń dán. Ní ọjọ́ kẹrin, omi ti aláwọ̀ eérú ṣì mọ́.

Ti aláwọ̀ eérú

Kò lẹ́wà. Ó rí bíi páànù òrùlé tó ti pẹ́ díẹ̀, ó sì bá a mu bẹ́ẹ̀, nítorí ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ń ṣe àwọn kan nínú wọn: síńkì ni wọ́n fi bo irin. Síńkì yàtọ̀ sí níkẹ́ẹ̀lì pátápátá. Bí ara rẹ̀ bá ha tí omi iyọ̀ sì dé ibẹ̀, síńkì ló máa ń jẹrà, irin á sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí páànù tí ìṣó lu kì í fi í jẹrà lójú ihò lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ẹfun lára ṣéènì síńkì, ẹ fọkàn balẹ̀, síńkì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìgbà tí pupa bí osùn bá yọ ni síńkì ti tán níbẹ̀.

Èyí tí mo ń lò jẹ́ ti KMC, tí wọ́n kọ EPT sára rẹ̀. Irú rẹ̀ tó ṣáájú ni RB, ìyẹn RustBuster. Ẹ ṣọ́ra: "Grey" tó wà lára páálí "Silver/Grey" kì í ṣe èyí o. EPT tàbí RB ni kí ẹ wá. Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa rẹ̀. Ní London, bí òtútù bá dé, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má baà dì síbẹ̀, àwọn tó sì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ níbẹ̀ ń jẹ irú ìyà tí àwa ń jẹ létí òkun. Ó mú ọ̀kan bọ̀ fún mi ní 2022. Owó rẹ̀, ní náírà ìgbà yẹn, tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí mo rà lọ́jà, mo sì lọ́ra kí n tó sanwó náà fún un.

Oṣù 14 ni mo fi lò ó kó tó kọjá ìdá kan nínú 16 lórí rúlà. Ọ̀nà kan náà, òjò kan náà, kẹ̀kẹ́ kan náà. Mi ò pààrọ̀ eyín kankan nígbà tí mo yọ ọ́.

Ó ní àléébù. Kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Ó ṣì ń fẹ́ ọ́ìlì. Ẹni tó bá rò pé òun lè gbàgbé rẹ̀ yóò gbọ́ ìró rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ibi tí eyín ti ń gbo róòlà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ohun tí wọ́n fi bò ó ti ń lọ níbẹ̀ nìyẹn.

Ti sítéńlẹ́ẹ̀sì

Èyí nìkan ni mi ò tíì lò. Wippermann ní Jámánì ń ṣe díẹ̀ lábẹ́ orúkọ Connex. Irin náà ní kúròmíọ̀mù nínú, tó ń hu awọ tín-ínrín lé ara rẹ̀ lórí, tó sì tún ń hù ú padà bó bá ha. Ó dára fún ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi. Fún kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ bíi tèmi, owó ṣéènì á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó kẹ̀kẹ́ dọ́gba.

Àwọn nǹkan yòókù

Agbára: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo lò ló gbé mi. Jíà: mi ò rí ìyàtọ̀. Ìwọ̀n: ẹ gbàgbé rẹ̀. Ṣéènì tòkunbọ̀: ẹ má rà á, ẹni tó lò ó ti jẹ ẹ́ tán.

Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì fi pẹtiróòlù fọ ṣéènì tuntun; gírísì ilé iṣẹ́ tó wà nínú ìṣó ló dára jù nínú gbogbo èyí tí yóò rí láyé rẹ̀. WD-40 kì í ṣe ọ́ìlì ṣéènì: láti lé omi jáde ni wọ́n ṣe ṣe é, ohun tí orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí nìyẹn. Ẹ lò ó lẹ́yìn òjò, kí ẹ wá fi ọ́ìlì gidi tẹ̀ lé e. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò máa ń kó yanrìn jọ, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹ bá ń gbé lókè, ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin, tí kẹ̀kẹ́ yín ń sùn nínú ilé, ti dúdú pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ yóò ṣe é, ti fàdákà tí wọ́n bò délẹ̀ yóò sì ṣe é dáadáa. Bí ẹ bá ń gbé ní Bádágírì, Ajah, ẹ̀bá òkun Ìlàjẹ, Kútọnu tàbí Lomé, ẹ ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ṣírò tèmi: ₦23,500 fún oṣù mẹ́rin, tàbí nǹkan bíi ₦18,000 fún oṣù 14. Ẹni tí kò bá lè san ti aláwọ̀ eérú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó ra ti dúdú, kí ó máa fi ọ́ìlì sí i, kí ó sì máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ ka jíà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín kí ẹ tó ránṣẹ́. Jíà 6, 7 àti 8 lè lo ṣéènì kan náà, nítorí náà "8-speed" ni kí ẹ kọ fún un. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà sábà máa ń fẹ́ èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n kọ 1/8 íńṣì sí fún fífẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi nígbà kejì nìyí: KMC X8 EPT, ojú 114, kó sì rí i pé ìsopọ̀ rẹ̀ wà nínú páálí.