git mv: ó ń yí orúkọ fáìlì padà, àmọ́ kì í kọ ọ́ sílẹ̀

Nínú Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà àwọn fáìlì, iṣẹ́ àṣẹ git mv ò ju ẹyọ kan lọ: kó yí orúkọ fáìlì padà, tàbí kó gbé e láti fódà kan bọ́ sí òmíràn, kí Git sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹni tó bá fi mv lásán, àṣẹ kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti Git, ṣe é á rí i nínú git status pé fáìlì àtijọ́ ti pòórá, tuntun sì di àjèjì tí Git ò mọ̀ rí. Ó ṣì kù kó ṣe git rm (kó yọ ọ́ kúrò) fún ọ̀kan, git add (kó fi í kún un) fún èkejì. Àṣẹ kan ṣoṣo ló gba gbogbo ìyẹn níbí:

git mv src/oja.js src/apo.js
git status -s

R  src/oja.js -> src/apo.js

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ kò hàn síta. Bí àtúnṣe bá wà nínú fáìlì náà tí a ò tíì ṣe git add fún, git mv ò ní fà á mọ́ra. RM ni git status -s á kọ síwájú rẹ̀: R fún orúkọ tó ti ṣe tán láti wọ kọmíìtì (àkọsílẹ̀ àyípadà tí Git ń tọ́jú), M fún àtúnṣe tó ṣì wà níta. A lè tipa bẹ́ẹ̀ fi orúkọ nìkan ṣe kọmíìtì.

Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni pé Git kì í kọ ìyípadà orúkọ sínú kọmíìtì rárá, ìbáà jẹ́ git mv la lò. Mercurial, ètò mìíràn tó jọ Git, ń kọ ọ́. Git ń méfò ni. Nígbà tá a bá béèrè ìtàn fáìlì, á fi èyí tó parẹ́ wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Tí wọ́n bá jọra tó ìdá 50 nínú 100, á ní orúkọ ló yí. Tí wọn ò bá jọra tó bẹ́ẹ̀, git log --follow, àṣẹ tó ń tọ ìtàn fáìlì lẹ́yìn, á dúró síbẹ̀, bíi pé òní la bí fáìlì náà. Fáìlì kékeré ló máa ń kàgbákò yìí jù: nínú ìlà 10, ìlà 6 tá a tún kọ ti tó. Ẹ lè dẹ òṣùwọ̀n náà sílẹ̀ pẹ̀lú git log --follow -M30%, ṣùgbọ́n ó sàn kẹ́ ẹ ṣe kọmíìtì méjì: orúkọ lákọ̀ọ́kọ́, àtúnṣe lẹ́yìn náà. Ìlà import (èyí tó ń pe fáìlì náà) inú àwọn fáìlì yòókù lè bá ti àkọ́kọ́ lọ, kì í ṣèdíwọ́. Ní Java, ẹ yí orúkọ class náà pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan míì.

Ohun méjì ló ń ba ètò yìí jẹ́. Squash ń pa kọmíìtì méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, làálàá yẹn á sì já sófo. Git merge, tó ń pa branch (ẹ̀ka iṣẹ́) méjì pọ̀, ní tirẹ̀ kì í wo àwọn kọmíìtì àárín. Ibi tí branch méjèèjì ti pínyà àti ìparí wọn ló ń fi wéra. Nítorí náà, ẹ tètè mú ìyípadà orúkọ wọ main (branch àgbà) kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ ńlá.

Lórí Windows àti macOS, tẹ́ ẹ bá fi mv lásán sọ readme.md di README.md, Git lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Git mv ń rí i. Ti fódà ló le: git mv Img img sábà máa ń kọ̀, á ní Invalid argument. Ẹ gba ibòmíràn yọ:

git mv Img img-tmp
git mv img-tmp img

Git mv kì í ṣẹ̀dá fódà tí kò sí, ẹ kọ́kọ́ ṣe mkdir -p. Bí fáìlì kan bá ti ń jẹ́ orúkọ tuntun náà, á kọ̀ jálẹ̀. Àmì -f á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìbéèrè, nítorí náà ẹ fi -n dán an wò ná.