Ìbàdàndùn tí mo rà nídìí ìkòkò aró ní Òṣogbo

Aṣọ ni mò ń rán jẹ ní Sùúrùlérè, oríṣiríṣi àdìrẹ ló sì ti gba ọwọ́ mi kọjá. Ṣùgbọ́n Ìbàdàndùn, àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo rà lọ́wọ́ ìyá aláró kan ní Òṣogbo yìí, mi ò lè kó o mọ́ àwọn yòókù, nítorí ìṣojú mi ni wọ́n ṣe é.

Ìyẹ́ adìẹ ni Màmá fi kọ ọ́. Wọ́n ti fi láfún àti álọ́ọ̀mù ro ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró mú ibi tí wọ́n bá fi kọ, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n wá ń fi ìdí ìyẹ́ fa ilà: òpó ilé Màpó tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn lọ́dún 1929, ṣíbí, òpó, ṣíbí. Kò sí rúlà, wọn ò yà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ilà máa dé. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Jẹ́ kí n parí ilà yìí ná.”

A ṣáà ti ń kì í láti kékeré pé Òṣogbo ìlú aró. Àfi kéèyàn débẹ̀. Ewé èlú ni wọ́n gún, wọ́n ṣù ú, wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀. Òórùn rẹ̀ le! Aṣọ kì í sì í ti inú ìkòkò jáde ní dúdú o. Ó jáde bí ewé tútù, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí i ló ń ṣú lójú wa. Wọ́n tún rì í, wọ́n tún nà án sáfẹ́fẹ́, títí ó fi dúdú dé ibi tó tẹ́ Màmá lọ́rùn.

Èyí tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, òpó kan kì í yàtọ̀ sí èkejì. Nínú tèmi, òpó kan sanra, ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú: ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ kọ, àwòrán kì í hàn kedere lẹ́yìn.

Owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta àdìrẹ ọjà, mo sì san án tayọ̀tayọ̀. Aró rẹ̀ ń jáde tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ má kó o mọ́ aṣọ funfun. Wọn kì í ní èyí tó ti parí nílẹ̀, ẹ ó dúró dè é, ní pàtàkì lásìkò òjò tí aṣọ kì í tètè gbẹ.

Mo ti fi rán ìró àti bùbá fún oníbàárà kan. Ó fẹ́ kí n dín ìró kù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó gùn, torí mi ò fẹ́ ge òpó kankan sí méjì. Ó gbà. Mo ti sanwó Olókun, àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ mìíràn, sílẹ̀ fún Màmá.