Kit car nílùú òyìnbó: èyí tó wà nínú páálí ni àbí èyí tó ti ní nọ́ńbà?

Nígbà tí mo fi fọ́tò kit car (ọkọ̀ tí èèyàn lè rà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà kó sì tò ó fúnra rẹ̀) àkọ́kọ́ tó wù mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Kàbà, ohùn tó fi dá mi lóhùn lórí WhatsApp kò gùn rárá: "Àbúrò, òkun o. Ọkọ̀ yìí dáa. Pátíkúlà rẹ̀ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀dà pupa ni èmi ń wò, ìwé ni òun ń béèrè. Nígbà tó yá ni mo rí i pé òun ló mọ ohun tó ń wò.

Níbi tí àwa ọmọ Òkun ní Kogi, tí ń fi "òkun o" kí ara wa, dàgbà sí, kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan sínú òmíràn kì í ṣe ìròyìn. Bóyá ìdí nìyẹn tí kit car fi ń wù wá tí a bá dé England. Ilé iṣẹ́ á ta ṣásí àti bọ́dì fún yín, ẹ ó sì tò ó fúnra yín nínú gáréèjì. Caterham, tó gba ọkọ̀ Seven lọ́wọ́ Lotus ní 1973, ń ta tirẹ̀ báyẹn. Àwọn mìíràn nílò ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n á yọ ẹ̀yà rẹ̀: ọ̀pọ̀ Robin Hood ló jẹ́ pé Ford Sierra ni wọ́n tú, MEV Exocet sì ń lo ti Mazda MX-5.

Ti inú páálí

Ẹni tó bá tò ó fúnra rẹ̀ mọ gbogbo nọ́ọ̀tì ara ọkọ̀ rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò ní lè máa wà á kiri títí yóò fi yege IVA, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó bọ́ sójú títì, lọ́dọ̀ DVSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Owó ìdánwò náà fún ọkọ̀ tí èèyàn tò fúnra rẹ̀ jẹ́ £450, bí kò bá sì yege, ó tún máa san owó òmíràn.

Ẹ má fojú Kàbà wo ìdánwò yìí o. Pé ẹ́ńjìnnì ń dún kẹlẹlẹ, pé bíréèkì ń mú, ìyẹn nìkan kò tó. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kan tó fẹ̀ ní mílímítà 100. Ibi tí bọ́ọ̀lù yẹn bá lè kàn lára ọkọ̀ lóde, etí ibẹ̀ kò gbọdọ̀ mú. Mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí tirẹ̀. Orí bóòtì (bolt) kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú ni wọ́n fi dá a padà. Ọmọrí rọ́bà tí kò tó owó búrẹ́dì ì bá ti bò ó.

Lẹ́yìn IVA, ó kan DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀: fọ́ọ̀mù V55/4 tàbí V55/5, V627/1, fọ́tò ọkọ̀, rìsíìtì, àti £55. Rìsíìtì yẹn ló ń pinnu irú nọ́ńbà tí wọ́n máa fún yín. Bí gbogbo ẹ̀yà bá jẹ́ tuntun (wọ́n gbà kí ẹyọ kan jẹ́ àtúnṣe), nọ́ńbà tuntun ni. Bí ẹ̀yà ńlá méjì bá wá láti ara ọkọ̀ àlòkù kan, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́, nọ́ńbà yín á tẹ̀ lé ọjọ́ orí ọkọ̀ yẹn. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀rí mú wá, nọ́ńbà Q ni, ti ọkọ̀ tí wọn kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, àwọn ilé ínṣọ́ránsì kan kì í sì í fẹ́ fojú kan Q.

Èyí tó ti ní nọ́ńbà

Níbí, ẹlòmíràn ti jẹ gbogbo ìyà yẹn tán. Ó lè wọ́n ju páálí lọ lójú, ṣùgbọ́n ẹ ka owó àwọn irinṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi tí ẹ ò bá fi tò ó mọ́ ọn.

Ìwé V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà wò. Ọkọ̀ pupa mi ọjọ́ sí, nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ohun tí mo bá nínú V5C ni Ford Sierra, ilẹ̀kùn márùn-ún, àwọ̀ búlúù. Ọkọ̀ tó wà níwájú mi jẹ́ ìjókòó méjì, kò ní ilẹ̀kùn kankan, ó sì pupa bí ata rodo. Ọ̀gá náà ní bí òun ṣe rà á nìyẹn. Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo bá tèmi lọ. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ní ìjàǹbá, ilé ínṣọ́ránsì lè sọ pé Sierra làwọn bá dúnàá-dúrà.

Ẹ fi nọ́ńbà ṣásí wé ti inú ìwé. Ẹ gba rìsíìtì pẹ̀lú, torí orúkọ ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀ ló wà nínú V5C, kì í ṣe ẹ̀rí pé òun ló ni ín.

Èyí tí ẹnì kan tò dé ìdajì tó sú u? Ó máa ń pọ́ọ́kú. Bí kò bá sí rìsíìtì, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ínṣọ́ránsì

Nílé, ₦15,000 la ń san fún third party ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti 2023, ọ̀pọ̀ wa ló sì jẹ́ pé ká lè rí nǹkan fi han ọlọ́pàá la ṣe ń san án. Ti ọ̀hún yàtọ̀. Fún ti páálí, ínṣọ́ránsì méjì ni: èyí tó ń bò ó lọ́wọ́ iná àti olè nígbà tí ẹ ń tò ó, àti ti ojú títì, tí wọ́n á fi nọ́ńbà ṣásí ṣe kí ẹ lè wà á lọ síbi IVA. Èyí tó ti ní nọ́ńbà, ẹyọ kan ti tó. Nínú méjèèjì, ẹ ní kí ẹ̀yin àti wọn jọ fohùn ṣọ̀kan lórí iye ọkọ̀ náà ṣáájú, kó sì wà nínú ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye tó bá wù wọ́n pé ọjà ń lọ ni wọ́n máa san.

Ohun tó ń ká ọmọ wa lọ́wọ́ kò jọ mọ́ ọkọ̀ rárá, láísẹ́ǹsì ni. Láàárín oṣù 12 péré lẹ́yìn tí ẹ bá di olùgbé ni ẹ lè fi ti Nàìjíríà wakọ̀ níbẹ̀. Wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀, ìdánwò ni ẹ máa ṣe. Ọdún mélòó tí ẹ ti fi wakọ̀ láti Kàbà dé Lọ́kọ́ja láìkọlu ẹnikẹ́ni kì í sábà já mọ́ nǹkan lójú wọn. Nítorí náà, ẹni tí oṣù 12 rẹ̀ ti pé láìtíì gba tibẹ̀ lè ra ti páálí, kó máa tò ó díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń wá láísẹ́ǹsì. Èyí tó ti ní nọ́ńbà kò ní ṣe é láǹfààní títí yóò fi rí i gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ronú pé òun á gbé e wálé ní Kérésìmesì. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, láti April 2, 1972 sì ni Nàìjíríà ti kúrò níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà á, ṣé ọkọ̀ tí inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀ ló fẹ́ gba ọ̀nà Kàbà sí Ẹgbẹ̀?

Èyí tó ti ní nọ́ńbà ni èmi rà nígbẹ̀yìn. Fọ́tò V5C ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sílé, ẹ̀gbọ́n mi ò sì tíì béèrè ti ọkọ̀ náà.