Síkáànù oṣù karùn-ún: ilé síkáànù kan ní Ìbàdàn tí iṣẹ́ rẹ̀ dára ju ìwé èsì rẹ̀ lọ

Ilé síkáànù aládàáni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ sí i, àti nítorí pé ohun tí mo fẹ́ kí aboyún tó bá ń ka èyí mọ̀ ni ohun tí yóò fi díwọ̀n ilé síkáànù yòówù kó wọ̀. Ní kúkúrú, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún mi nígbà tí oyún mi dé ìdajì dára gan-an, ó sì tó iye owó tí wọ́n gbà. Àmọ́ ìwé èsì tí wọ́n kọ kò tó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ètò ìjókòó wọn kò sì ro ti ẹni tó gbé oyún dání.

Mo gba tiwọn nípa àkókò. Nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù, ẹni tó gbé e kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye owó. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù mi ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ni ó béèrè, ó sì bá mi ṣírò rẹ̀ kí ó tó fún mi lọ́jọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń ka ọ̀sẹ̀ oyún, kì í ṣe láti ọjọ́ tí oyún dúró, ìdí sì nìyí tí obìnrin tó gbà pé oṣù kẹrin ni òun wà fi lè débẹ̀ kí wọ́n sọ fún un pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ 20. Láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 ni àyẹ̀wò yìí máa ń wúlò jù, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dá a lábàá nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016 pé kí gbogbo aboyún ya síkáànù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé. Bí a bá yára lọ jù, ọkàn àti kíndìnrín ọmọ ṣì kéré ju ohun tí ojú lè yẹ̀ wò dáadáa. Bí a bá sì pẹ́ jù, egungun ọmọ á ti le, àyè á ti há mọ́ ọn, òjìji egungun yẹn á sì máa bo ohun tí a ń wá. Ní ọ̀sẹ̀ 20, ọmọ máa ń wọ̀n tó nǹkan bí 300 gíráàmù, gígùn rẹ̀ láti orí dé gìgísẹ̀ máa ń tó nǹkan bí sẹ̀ntímítà 25, òkè ilé ọmọ á sì ti dé ìdodo ìyá tàbí itòsí rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ já mi kulẹ̀ ni yàrá ìdúró. Ọjọ́ àti wákàtí ni wọ́n fún mi, àmọ́ nígbà tí mo débẹ̀, nọ́ńbà ni gbogbo wa gbà, ẹni tó sì tètè dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, ì báà jẹ́ aboyún ni tàbí ẹni tó wá wo ẹ̀dọ̀. Àga oníke tí kò ní ibi ìgbápálé ni wọ́n tò síbẹ̀, fáànù kan ṣoṣo sì ni ó ń fẹ́ gbogbo wa. Wọ́n tún ní kí n mu omi yó kí n má sì tọ̀. Òótọ́ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ilé ìtọ̀ tó kún máa ń gbé ilé ọmọ sókè kí ẹ̀rọ lè rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyún bá ti dé ìdajì, omi tó yí ọmọ ká nínú àpò rẹ̀ ti pọ̀ tó láti ṣe iṣẹ́ yẹn, ìtọ̀ díẹ̀ sì ti tó bí wọ́n bá fẹ́ wo ẹnu ilé ọmọ. Kí wá ni ìdí tí a fi ń fi ìtọ̀ há obìnrin mẹ́ta mẹ́rin lára lórí ìlà? Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó sìn mí lọ béèrè, ọmọbìnrin tó wà ní ìdí tábìlì dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ má bínú, mà, bí wọ́n ṣe ní ká máa sọ fún yín nìyẹn.” Ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀, àmọ́ kò dín ohun tó ń ṣe mí kù.

Gbogbo èyí ni mo gbàgbé nígbà tí mo wọlé. Ọkùnrin tó ya síkáànù náà kí mi, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sì sọ fún mi kí ó tó fi ọwọ́ kan nǹkan pé òun máa tó nǹkan bí ìdajì wákàtí lórí rẹ̀, pé bí òun bá dákẹ́, kí n má rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, òun ń wọn nǹkan ni. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹni tí kò tíì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí ṣe lè rò lọ. Láti orí ni ó ti bẹ̀rẹ̀: ó wọn fífẹ̀ orí àti àyíká rẹ̀, ó wo ọpọlọ, ó wo ètè bóyá ó là. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, ó dúró pẹ́ lórí ọkàn, ó sì fi yàrá ọkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn mí níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ṣí tí wọ́n ń pa dé. Lẹ́yìn náà ni ó wo àpòlúkù, kíndìnrín méjèèjì, ilé ìtọ̀, ibi tí ìwọ́ ti wọ inú ikùn ọmọ, àti ọ̀pá ẹ̀yìn láti ọrùn títí dé ìdí. Ó wọn egungun itan, ó ka apá àti ẹsẹ̀, ó ní kí n tẹ́tí sí bí ọkàn ṣe ń lù. Iye tí ó ń lù ní ìṣẹ́jú kan wà láàárín 110 sí 160, bí ó ṣe yẹ kí ó rí.

Ọmọ náà kọ̀, kò yí ojú síta. Ní ibòmíràn, wọn ì bá fi ibẹ̀ sílẹ̀. Níhìn-ín, ó ní kí n dìde, kí n rìn díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n lọ tọ̀, kí n sì padà wá. Nígbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi nítorí pé mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́, kò dúró kí n sọ̀rọ̀ kí ó tó yí mi sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì ṣàlàyé pé ilé ọmọ ti wúwo débi tí ó fi ń tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Òun náà ni ó tú àṣírí ohun tó ti ń dà mí láàmú. Oyún kejì ni èyí, gbogbo ènìyàn sì ti sọ fún mi pé màá tètè mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ọmọ bá ń mira, nítorí pé ẹni tó bá ti bímọ rí lè mọ̀ ọ́n láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, nígbà tí ti alákọ̀ọ́bí sábà máa ń di ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ lásán ni èmi ń gbọ́. Ibi ọmọ ló wà níwájú, láàárín ọmọ àti awọ ikùn mi, ó sì ń gba ìpá náà dúró bí tìmùtìmù.

Nípa akọ tàbí abo, ó kọ́kọ́ béèrè bóyá a fẹ́ mọ̀. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ní ilé síkáànù mìíràn tí mo lọ nígbà oyún àkọ́kọ́, òun gan-an ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe: wọ́n da òróró tútù náà sí mi níkùn, wọ́n ní “ọkùnrin ni, ẹ kú oríire”, wọ́n sì ní kí n nu ara mi. Kò sí ẹni tó lè dá ìyá ọkọ tàbí bàbá ọmọ lẹ́bi pé ó fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanwó síkáànù ìdajì oyún tí kò gbà ju èyí lọ kò rí ìdá mẹ́wàá ohun tó sanwó fún.

Mo fẹ́ràn bí ó ṣe sọ ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni ó ń rán wọlé, òjìji tí ìró náà bá gbé padà ni a ń rí. Irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ní, ìyẹn jẹ́nótáìpù, kò ní àwòrán níbẹ̀. Nítorí náà, bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, síkáànù kò lè sọ bóyá ọmọ jẹ́ AA tàbí SS. Àfi kí dókítà yọ díẹ̀ nínú omi tó yí ọmọ ká tàbí lára ibi ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, èyí tó sì ní ewu tirẹ̀. Àwọn àléébù kan wà pẹ̀lú tí ojú tó mú jù lọ lè má rí ní ọ̀sẹ̀ 20. Bí wọ́n bá sì rí i pé ibi ọmọ rọ̀ sísàlẹ̀ ní àkókò yìí, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí aboyún máa sunkún délé fún, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn máa ń gòkè bí ilé ọmọ ṣe ń fẹ̀. Wọ́n á tún un wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lára rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ kankan.

Ìwé èsì ni mo wá bínú sí. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí fi sùúrù wò, ohun tí wọ́n tẹ̀ fún mi ni ìwọ̀n mẹ́rin, ìlù ọkàn, ibi tí ibi ọmọ wà, ìwọ̀n ọmọ àti ọjọ́ ìbímọ. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa yàrá ọkàn, kíndìnrín, ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ètè. Dókítà tí yóò ka ìwé náà kò sí nínú yàrá. Ohun tí kò bá rí nínú ìwé, kò ní gbà pé wọ́n wò ó. Èyí tó tún burú ni pé wọ́n fi ọjọ́ ìbímọ tuntun rọ́pò èyí tí síkáànù oṣù kẹta ti fún mi, bẹ́ẹ̀ sì ni síkáànù tó tètè wáyé ló péye jù nípa ọjọ́, nítorí pé bí oyún bá ṣe ń dàgbà ni ọmọ á máa yàtọ̀ sí ọmọ ní ìwọ̀n. Wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ nígbà tí mo yarí, láìjanpata, mo sì yìn wọ́n fún èyí. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ kò ní yarí.

Ara ògiri wọn kún fún àwòrán ojú ọmọ aláwọ̀ idẹ, èyí tí wọ́n ń gba owó ọ̀tọ̀ lé lórí. Ó wu ojú, kò fi ohunkóhun kún ìlera ọmọ, ẹni tí owó kò bá tó lọ́wọ́ rẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Ì bá dára jù kí wọ́n fi àyè yẹn lẹ ìkìlọ̀ pé síkáànù kì í ṣe kílíìnì aboyún, nítorí àwọn obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, tí wọ́n rò pé àwòrán tó dára ti parí ọ̀rọ̀. Kò sí síkáànù tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ 20 ni ewu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára: bí ó bá dé 140/90, tàbí tí orí ń fọ́ni gidigidi, tí ojú ń ṣú, tí òkè ikùn ń dunni, ilé ìwòsàn ló kàn. Àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ti ẹ̀jẹ̀ tó ń gbẹ lára wà ní kílíìnì, abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn ipá (tẹ́tánọ́ọ̀sì) wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Fansidar, oògùn tó ń dènà ibà, tí à ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin, tí a ó lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, tí oṣù kan yóò sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ti ìtọ̀ ṣúgà máa ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28.

Owó wọn ju ti ilé ìwòsàn ìjọba lọ, kò sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Màá tún lọ, màá sì sọ fún àbúrò mi kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè lórí fóònù bóyá ẹni tó mọ àyẹ̀wò ìdajì oyún wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n ń kọ gbogbo ẹ̀yà ara tí wọ́n wò sínú ìwé. Kí ó mú ìwé síkáànù àkọ́kọ́ dání, kí ó mú ìpápánu àti ìrọ̀rí ẹ̀yìn. Bébà dídán tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí máa ń ṣá bí ooru àti ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án, nítorí náà kí ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì lẹ ìwé èsì mọ́ káàdì kílíìnì rẹ̀ kí ó tó délé.