Ṣọ́ọ̀bù fóònù tó ń ṣàlàyé ọjà kó tó gbowó, ní agbègbè Ọláìyá, Òṣogbo

Ṣọ́ọ̀bù fóònù pọ̀ lọ jàra ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fara balẹ̀ ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ sára páálí fún oníbàárà kò pọ̀ rárá. Ọ̀kan nínú wọn ni ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí oríta Ọláìyá, níbi tí mo sin ìyá mi lọ láti ra fóònù.

Páálí tí ìyá mi kọ́kọ́ nawọ́ sí ní "RAM 8GB" gàdàgbà lára, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, 4 ni RAM rẹ̀ gan-an, ibi tí ẹ ó máa kó fọ́tò pamọ́ sí ni wọ́n ti yá 4 tó kù." Ó ṣàlàyé pé RAM ni fóònù fi ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé èyí tí a yá kì í yára tó ojúlówó.

Àlàyé rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì ló wú mi lórí jù. Ìyá mi ti ń ráhùn tipẹ́ pé dátà òun ń wọ́, èrò rẹ̀ sì ni pé fóònù ló ti gbó. Ọmọ náà fi àmì kékeré tó wà lókè ojú fóònù hàn án: E jẹ́ 2G, H tàbí H+ jẹ́ 3G, LTE sì ni 4G; bí nọ́ńbà tó ṣáájú G bá ṣe ga tó ni dátà ṣe ń yára tó. Síìmù ìyá mi ti pẹ́ débi pé kò gba 4G, nítorí náà, kò sí fóònù olówó ńlá tó lè mú un kọjá H+. Ó ní kí wọ́n lọ pààrọ̀ síìmù náà ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì wọn, nọ́ńbà wọn kò ní yí padà. Ó lè dákẹ́ kó sì ta fóònù 5G fún wa, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì mọ rírì rẹ̀ púpọ̀.

Kó tó gbowó, ó tẹ *#06#, ó sì jẹ́ kí a fi nọ́ńbà IMEI oní-díjíìtì 15 tó jáde, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, wé èyí tó wà lára páálí.

Owó ṣájà àti páọ́ṣì wọn wọ́n díẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń dá gbogbo oníbàárà lóhùn, èrò a sì máa pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó ráyè fún òun, àárọ̀ ni kó lọ, kó sì mú síìmù rẹ̀ dání.