Púríńtà lésà mi tó máa ń jókòó fóṣù mẹ́ta kó tó ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ púríńtà yìí fún yín torí ó ti pẹ́ lọ́kàn mi. Tíṣà ni mí, Arówómọlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mò ń fi ṣiṣẹ́ gidi lọ́dún, ìyẹn tí táàmù bá ti fẹ́ parí tí mo fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Under G, owó wọn ò pọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ìbéèrè tó bá ti wọnú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, ta ló mọ ẹni tó máa rí i? Lọ́dún kan, ọmọ ti mọ ìbéèrè kó tó jókòó ṣèdánwò. Ó dùn mí wọnú eegun. Àtìgbà yẹn ni mo ti pinnu pé ilé mi ni màá ti máa tẹ̀ ẹ́.

Oníńkì olómi ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹ má rà á o, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní máa lò ó lemọ́lemọ́. Kí táàmù tó yí po, íńkì ti gbẹ, ó ti dí ihò tín-ín-rín tó ń gbà jáde, mo bá ní kó fọ ara ẹ̀, fífọ̀ yẹn tún mu íńkì tó kù tán.

2019 ni mo wá ra púríńtà lésà yìí, HP LaserJet 1020, tòkunbọ̀. Tónà tó ń lò dípò íńkì olómi, ẹ̀tù ni, lúbúlúbú bíi tìróò, ooru inú ẹ̀ ló ń yọ́ ọ mọ́ bébà, kò sómi níbẹ̀ tó máa gbẹ. Inú agolo kan tí wọ́n ń pè ní tónà 12A ni ẹ̀tù yẹn wà, àwọn tó ṣe é ní á tẹ nǹkan bíi 2,000 ojú ìwé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì ti pààrọ̀ ẹ̀.

Ohun tó fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kì í ṣe àìlò, eruku ni. Lásìkò ọyẹ́ kan báyìí mo tan án, ó ń kùn, ó ń kùn, kò fa bébà. Ẹni tí mo gbé e lọ bá ní ó ti kú, kí n ra òmíì. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àbúrò mi ló ní ká wo rólà onírọ́bà tó ń fa bébà, àfi bíi dígí, ó ń dán, eruku ọyẹ́ ti bò ó. A rẹ aṣọ tí òwú ẹ̀ kì í bọ́ sómi, a fún un dáadáa, a nù ún yí po, a jẹ́ kó gbẹ, a tún tan án. Ó fa bébà! Mo pariwo débi pé ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lójúde sáré wọlé. Látọjọ́ yẹn Áńkárá àtijọ́ ni mo fi ń bò ó, mi ò sì fi bébà sílẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́, torí tójò bá dé bébà ń fa ọ̀rinrin, á lẹ̀ mọ́ra wọn, á ká, á há sínú. Inú ọ̀rá ẹ̀ ni mò ń tọ́jú ẹ̀ sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Iná wa náà ńkọ́? Ibi tó ń gbóná nínú ẹ̀ máa ń fa iná lójijì, gílóòbù ilé á ṣẹ́jú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi í fi sára UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà tíná bá lọ) tàbí inverter kékeré, I better pass my neighbour tèmi ò tiẹ̀ lè gbé e rárá. Tí iná NEPA bá dúró dáadáa ni mo máa ń tẹ̀wé, pẹ̀lú stabilizer, tí mo bá ṣe tán màá yọ wáyà ẹ̀ lára ògiri.

Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù mo máa ń tẹ ojú ìwé kan tàbí méjì kí rólà lè yí. Tó bá ń tẹ̀ ráúráú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yọ tónà, ẹ rọra mì í sọ́tùn-ún sósì, mo ti fìyẹn tẹ ìdánwò táàmù kan parí. Ẹ má gbé e sóòrùn o, ìmọ́lẹ̀ ń ba ọ̀pá róbótó tó ń dán lára ẹ̀ jẹ́. Tí ẹ̀tù ẹ̀ bá dà sáṣọ, omi tútù ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, omi gbígbóná á yọ́ ọ mọ́ ọn ni.

Dúdú nìkan ló ń tẹ̀, wáyà USB nìkan ló ń gbà, ìyẹn ò sì dùn mọ́ mi torí orí fóònù ni mo ti máa ń kọ ìbéèrè nígbà míì. Rólà ẹ̀ ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀, mo ti ń wá òmíì kí táàmù tó ń bọ̀ tó dé.